Ilé-Èrò Tí Ọ̀nà Kọ̀ Sílẹ̀: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan láti Ìlú Marlborough

Ní oṣù Kínní ọdún 1843, ilé-èrò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Castle Inn, ní ìparí òpópónà ìlú Marlborough, ní agbègbè Wiltshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kógbá sílé. Iná kò jó o, ogun kò kó o. Ògiri bíríkì rẹ̀ dúró digbí, ọgbà rẹ̀ wà níbẹ̀, ilé ẹṣin rẹ̀ wà níbẹ̀. Èrò ni kò yà sílé mọ́. Nígbà tí ọjà ń tà, ó ju ogójì ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin lọ tó ń gba ibẹ̀ kọjá lójúmọ́, tọ̀sán-tòru, tí fèrè wọn ń dún láti ọ̀nà jíjìn kí àwọn olùtọ́jú ẹṣin lè sáré jáde.

Mo yan ọ̀rọ̀ ilé yìí nítorí pé àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ilé àtijọ́, àti àwọn tó ń ṣe òtẹ́ẹ̀lì, máa ń fi gbólóhùn kan ṣoṣo pa irú ìtàn yìí dé: rélùwéè ló pa á. Mi ò jiyàn pé rélùwéè lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní òpópónà kan náà, níbi tí kò jìnnà téèyàn bá fẹsẹ̀ rìn ín, ilé-èrò mìíràn tó ti gba ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin láyé àtijọ́ ṣì ń gba àlejò di òní. Rélùwéè kan náà ló gba èrò mọ́ àwọn méjèèjì lọ́wọ́. Kí ló dé tí ọ̀kan fi kú tí èkejì kò kú?

Ilé ọlọ́lá tí ẹnikẹ́ni kò gbé mọ́

Ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ilé náà sí ti mọ àwọn ẹni ńlá tipẹ́ kó tó mọ èrò ọ̀nà. Òkìtì kan wà lẹ́bàá rẹ̀ tí gíga rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 19. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn Norman, àwọn tó ti Faransé wá ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, ló kó erùpẹ̀ rẹ̀ jọ, àfi ìgbà tí àyẹ̀wò fi hàn ní 2011 pé ó ti wà láti nǹkan bí ọdún 2400 ṣáájú ìbí Krístì. Àwọn Norman kàn bá a níbẹ̀ ni, wọ́n sì kọ́ ilé olódi wọn sí i lórí. Ní ìlú yìí náà ni wọ́n ti ṣe òfin kan láyé Ọba Henry Kẹta, ní 1267, tí díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà nínú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di ìsinsìnyí.

Ilé olódi náà wó nígbà tó yá, ilẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ ìdílé Seymour. Charles Seymour, Duke kẹfà ti Somerset (Duke jẹ́ oyè ọlọ́lá ńlá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì), ló kọ́ ilé bíríkì pupa tí à ń sọ yìí, ní àkókò tí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ń parí lọ tí ìkejìdínlógún ń bẹ̀rẹ̀. Frances, ìyàwó ọmọ rẹ̀, fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Ó tún ọgbà ṣe, ó ní kí wọ́n gbẹ́ ihò kan sí ẹsẹ̀ òkìtì náà kí wọ́n sì fi ìkarawun ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ó sì ń gba àwọn akéwì lálejò síbẹ̀.

Duke kẹfà kú ní 1748. Ọmọ rẹ̀ tó jẹ oyè tẹ̀lé e kú ní 1750, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ìyẹn bí sì ti kú ṣáájú bàbá rẹ̀. Báyìí ni ogún ṣe fọ́n káàkiri. Ilé Marlborough bọ́ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin Frances, Elizabeth, àti ọkọ rẹ̀, Hugh Smithson, tó di Earl ti Northumberland. Àwọn wọ̀nyí ní ilé ńlá ní London, wọ́n tún ní ilé olódi ní Alnwick, ní àríwá pátápátá. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ilé kan ṣe ní àárín ọ̀nà Bath, ìyẹn ọ̀nà tó ti London lọ sí ìlú Bath? Ilé tó tóbi tó báyẹn a máa jẹ owó, bóyá ènìyàn ń gbé inú rẹ̀ tàbí kò sí ẹni tó ń gbé e. Ní 1751, wọ́n fi í háyà, ẹni tó gbà á sì sọ ọ́ di ilé-èrò.

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ìpinnu yìí, torí òun ni gbogbo ìyókù jókòó lé. Wọn kò wó ilé náà, wọn kò tì í pa kí òjò máa pa á. Wọ́n wo ohun tó ń kọjá níwájú rẹ̀, wọ́n sì fi ilé náà fún un. Ohun tó ń kọjá níwájú rẹ̀ nígbà náà ni àwọn ènìyàn tó lówó jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tí ọ̀nà náà ń gbé kọjá

Láti London dé Bath jẹ́ nǹkan bíi máìlì 107, Marlborough sì wà ní nǹkan bíi máìlì 75 sí London. Omi gbígbóná ń sun láti inú ilẹ̀ ní Bath. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, nígbà tí Richard Nash ń ṣe kòkárí àríyá ibẹ̀, àwọn ọlọ́lá ń wọ́ tìrítìrí lọ sí ìlú náà: àwọn kan ń wá ìwòsàn, púpọ̀ ń wá fàájì, àwọn ìyá ń wá ọkọ fún ọmọbìnrin wọn.

Ìrìn náà kò rọrùn tẹ́lẹ̀. Ní 1667, ọkọ̀ kan tó pe ara rẹ̀ ní ọkọ̀ tó ń fò ṣèlérí pé òun yóò dé Bath láàrin ọjọ́ mẹ́ta, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ohun tó tún ọ̀nà ṣe ni bodè. Ilé aṣòfin fún àwọn ìgbìmọ̀ kan láṣẹ, ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ibi tí ọ̀nà tirẹ̀ dé: wọ́n gbé bodè sójú ọ̀nà, wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kọjá, wọ́n sì ń fi owó náà da òkúta sínú kòtò. Nígbà tí ilé-èrò wa ṣílẹ̀kùn, púpọ̀ nínú ọ̀nà Bath ti wà lábẹ́ bodè. Nítorí náà, kì í ṣe oríire lásán pé ọdún 1751 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ká ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú ni, bóyá ni ì bá gbérí.

Ilé-èrò kò ṣọ̀wọ́n ní Marlborough. Samuel Pepys, tó ń kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́, ti sùn nínú ọ̀kan nínú wọn ní 1668, ó sì yin ìlú náà. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-èrò inú ìlú fún mọ́ra lẹ́bàá ọjà, ariwo ń bẹ, yàrá kéré. Èyí tí à ń sọ yìí dá dúró láàrin ọgbà tirẹ̀, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, ní ibi tí òpópónà ti parí. Ọlọ́lá tó bá sùn níbẹ̀ kò ní rò pé òun kúrò nílé. Ní 1767, William Pitt, Earl ti Chatham, tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, ń ti Bath bọ̀ nígbà tí àìsàn oríkèé ẹsẹ̀ dá a dùbúlẹ̀ ní ilé-èrò náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ó ní gbogbo òṣìṣẹ́ ilé náà gbọ́dọ̀ wọ aṣọ tí àwọn ìránṣẹ́ òun ń wọ̀, títí kan àwọn ọmọ ilé ẹṣin, títí òun yóò fi lọ. Bóyá ó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ tàbí wọ́n fi iyọ̀ sí i, ó sọ irú àlejò tí ilé náà ń fojú sí fún wa.

Lẹ́tà àti aago

Ìyípadà kejì kò ti ọwọ́ onílé-èrò wá rárá. John Palmer, ọkùnrin ará Bath tó ní ilé eré ní Bath àti Bristol, ṣàkíyèsí pé àwọn òṣèré òun ń yára dé láti ìlú kan sí èkejì ju lẹ́tà lọ. Ọ̀dọ́kùnrin tó gun ẹṣin ló ń gbé lẹ́tà nígbà náà, ọlọ́ṣà sì ń dá wọn lọ́nà. Palmer ní kí wọ́n fi ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin tó yára gbé e, kí ẹ̀ṣọ́ oníbọn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2 oṣù Kẹjọ 1784, ọkọ̀ àkọ́kọ́ kúrò ní Bristol ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló wọ London. Wákàtí 16. Ọ̀nà Marlborough ló gbà.

Ọkọ̀ lẹ́tà kò san owó bodè. Bí ẹ̀ṣọ́ bá ti fun fèrè lókèèrè, oníbodè gbọ́dọ̀ ti ṣí bodè sílẹ̀ kó tó dé. Aago wà lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́, ó sì ń kọ àkókò sílẹ̀ ní ibùdó kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fi àkókò ṣòfò yóò jíhìn.

Àwọn ọkọ̀ yòókù kò lè jókòó kí ọkọ̀ lẹ́tà máa fi wọ́n sílẹ̀, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lépa aago. Ibí ni iṣẹ́ ilé-èrò ti yí padà, mo sì rò pé onílé-èrò náà lè má mọ bí ìyípadà náà ṣe jinlẹ̀ tó. Tẹ́lẹ̀, ó ń ta oorun: yàrá tó dára, oúnjẹ tó gbóná, ọgbà téèyàn lè rìn kiri nínú rẹ̀. Ní báyìí, ó ń ta ẹṣin. Ẹṣin tó ń fa ọkọ̀ eré kò lè ju nǹkan bíi máìlì mẹ́wàá lọ kó tó nílò ìsinmi, torí náà ọkọ̀ gbọ́dọ̀ rí ẹṣin mẹ́rin tuntun ní ibùdó kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí iṣẹ́ náà dójú ẹ̀ sán-ún, ìpààrọ̀ kì í ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Èrò kò ní àyè láti sọ̀ kalẹ̀ mu tíì. Ká ní ìdajì nínú ogójì ọkọ̀ péré ló ń pààrọ̀ ẹṣin lọ́dọ̀ rẹ̀, ọgọ́rin ẹṣin ni iṣẹ́ ọjọ́ kan ń béèrè. Ẹ ro koríko wọn, ọkà wọn, irin ẹsẹ̀ wọn, àti àwọn ọmọ tó ń jí ní òru láti nu òógùn ara wọn.

Lẹ́yìn 1816, nígbà tí John McAdam gba àbójútó ọ̀nà Bristol, òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń tẹ́ pọ̀ mú kí ojú ọ̀nà le. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1830, ọkọ̀ lẹ́tà ń sáré tó máìlì mẹ́wàá ní wákàtí kan, ìrìn Bristol sí London sì ti dín kù sí nǹkan bíi wákàtí 12. Àwọn ènìyàn yìí kò fi iṣẹ́ wọn ṣeré. Ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì 1836, yìnyín bo ọ̀nà dé ibi pé ọkọ̀ lẹ́tà Bath àti ti Bristol há sí nǹkan bíi máìlì 80 sí London, ìyẹn ni pé kò jìnnà sí Marlborough. Wọ́n pa ọkọ̀ tì síbẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ méjèèjì kó àpò lẹ́tà sínú ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́ṣin mẹ́rin, wọ́n sì gbé e dé London. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà á, orí mi wú. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé Ilé aṣòfin ti fọwọ́ sí òfin rélùwéè London sí Bristol ní 1835, ọdún kan ṣáájú yìnyín yẹn.

Òkè ló ya ọ̀nà sọ́tọ̀

Ẹni tó bá wo àwòrán ilẹ̀ Marlborough yóò rí i pé inú àfonífojì odò Kennet ló wà, tí òkè ẹfun yí i ká. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ọ̀nà omi láti odò Kennet lọ sí Avon, tí wọ́n parí ní 1810, gúúsù ìlú ló gbà, ní máìlì mélòó kan sí i. Ní 1833, Isambard Kingdom Brunel, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ṣètò rélùwéè náà, wá wọn ilẹ̀ fún un. Ọ̀nà méjì ló yẹ̀ wò: ti gúúsù, gba Newbury àti Pewsey, àti ti àríwá, gba Swindon. Ó mú ti àríwá torí ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú jù, ó sì rọrùn láti ya ẹ̀ka láti ibẹ̀ lọ sí Gloucester. Rélùwéè fi Marlborough sílẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bíi máìlì mẹ́wàá.

Kò dé lọ́jọ́ kan. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣòwò fojú sí nìyí. Ní 1838, ojú irin dé Maidenhead. Ní 1840, ó dé Reading ní oṣù Kẹta. Kí ọdún náà tó parí, ó ti kọjá Swindon. Ní 30 oṣù Kẹfà 1841, London àti Bristol pàdé, ọkọ̀ àkọ́kọ́ sì lo wákàtí mẹ́rin. Lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin pàdánù apá kan nínú ìrìn rẹ̀. Èrò tó ń ti London bọ̀ yóò wọ ọkọ̀ ojú irin dé ibi tó bá dé, yóò wá fi ẹṣin parí ìyókù. Títí di 1840, onílé-èrò lè máa wo èrò díẹ̀ tó ṣẹ́kù kó sì rò pé yóò dúró bẹ́ẹ̀. Ibi tí ojú irin ti kọjá Swindon ni ọ̀rọ̀ ti parí, nítorí láti ibẹ̀ lọ, kò sí ìdí kan tí ará London fi máa gba Marlborough lọ sí Bath.

Ọdún mẹ́jọ ló wà láàrin òfin 1835 àti ilẹ̀kùn tó tì ní 1843. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Igi yìí sì hàn láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n mi ò lè dá onílé-èrò náà lẹ́bi. Kí ni ì bá ṣe? Ilé náà tóbi ju ohun tí ìlú kékeré lè gbé lọ. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ilé-èrò kejì nìyẹn. Èkejì wà láàrin òpópónà gan-an, níbi tí ọjà ti ń ná ní ọjọ́rú àti ọjọ́ Sátidé. Lójú tèmi, ọjà yẹn ló gbé e ró: àgbẹ̀ tó wá ta ẹran yóò mu ọtí, oníṣòwò yóò jẹun, ará ìlú yóò ṣe ìpàdé níbẹ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin jẹ́ ẹ̀kúnwọ́ fún un. Fún ilé ńlá ìparí òpópónà, ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó mú kó wu Pitt, pé ó jìnnà sí ariwo ọjà, ni kò jẹ́ kí ọjà lè gbà á lẹ́yìn náà.

Ohun tí ilé náà wá dà

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń parí ìtàn yìí ni mo rò pé ó dùn jù. Ní àkókò kan náà, àwọn kan nínú Ìjọ Áńgílíkà ń wá ibi tí wọn yóò ti dá ilé-ìwé sílẹ̀ fún ọmọ àwọn àlùfáà tí owó wọn kò pọ̀. Wọ́n nílò ilé tó ní yàrá púpọ̀, ilé ìdáná ńlá, àyè fún ọmọdé láti sáré. Marquess ti Ailesbury, tó ni igbó Savernake lẹ́bàá ìlú, ni ilé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn, ó sì fi í háyà fún wọn. Oṣù Kẹjọ 1843 ni ilé-ìwé náà ṣí, pẹ̀lú ọmọkùnrin 199. Kò tó oṣù mẹ́jọ tí ilé náà fi ṣófo.

Àyípadà náà kò lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ilé-èrò kì í ṣe ilé-ìwé: àlejò máa ń sùn ọjọ́ kan kó sì lọ, ọmọ ilé-ìwé ń gbé. Wọ́n ní láti pe Edward Blore, ayàwòrán ilé, kó kọ́ ilé tuntun sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó wà. Ọmọ ń pọ̀ sí i, ìtọ́jú kò tó, ní 1851 àwọn ọmọ náà sì dìtẹ̀. Olórí ilé-ìwé fi ipò sílẹ̀, ẹlòmíràn dé ní 1852, ó sì tún ibẹ̀ tò. William Morris, tó wá di gbajúmọ̀ akéwì àti ayàwòrán ọ̀nà aṣọ, wà lára àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ lọ́dún ìdìtẹ̀ náà.

Rélùwéè tó lé èrò lọ ni mo gbà pé ó jẹ́ kí ilé-ìwé náà ṣeé ṣe, nítorí bàbá tó ń gbé jìnnà lè rán ọmọ rẹ̀ wá kó sì dé láàrin ọjọ́ kan. Ìlú fúnra rẹ̀ rí ẹ̀ka ojú irin tirẹ̀ gbà ní 1864, ó pẹ́ jù fún ilé-èrò. Ọkọ̀ ojú irin èrò kò dé ibẹ̀ mọ́ láti 1961. Nígbà tí wọ́n parí ọ̀nà márosẹ̀ M4 ní 1971, àríwá lòun náà gbà, ní ìhà Swindon.

Fún àwa tó wà lẹ́nu iṣẹ́

Ẹni tó ń tọ́jú ilé àtijọ́, kó ṣọ́ra fún èrò pé ìlò àkọ́kọ́ nìkan ni ìlò tòótọ́. Ká ní ẹnì kan dúró ní 1751 pé ilé Duke kò gbọ́dọ̀ gba èrò, tàbí ní 1843 pé ilé-èrò kò gbọ́dọ̀ gba ọmọ ilé-ìwé, ilé bíríkì pupa yẹn ì bá ti wó. Ohun tó yẹ ká máa béèrè ni ohun tí ara ilé lè gbà láìbàjẹ́. Blore kọ́ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò wó èyí tó bá nílẹ̀.

Fún ẹni tó háyà ilé ṣòwò, ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàrin onílé àti ayálégbé nínú ọ̀rọ̀ yìí. Onílé rí ayálégbé mìíràn láàrin oṣù mélòó kan. Ẹni tó ń ṣe ilé-èrò ni òwò bọ́ mọ́ lọ́wọ́, pẹ̀lú gbogbo ohun tó ti fi sí ilé ẹṣin. Bí ọ̀nà bá ṣeé yí padà, kí ìwé àdéhùn yín sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí rẹ́ǹtì lọ́jọ́ tó bá yí.

Ẹni tó sì ní òtẹ́ẹ̀lì lẹ́bàá ọ̀nà, kó mú ìwé àlejò ọdún kan jáde, kó pín orúkọ inú rẹ̀ sí mẹ́ta: àwọn tó wá nítorí ilé náà fúnra rẹ̀, àwọn tó wá nítorí ìlú, àti àwọn tó kàn ń kọjá. Kó kọ iye àwọn ẹni ẹ̀kẹta yẹn sí ẹ̀yìn ìwé, kó sì máa tún un kà lóṣooṣù, pàápàá bí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ bá ti gbé irin iṣẹ́ wọn dé òkè kejì.